Bí Ibi Iṣẹ́ Ṣe Ń Kọ́ Òṣìṣẹ́ Ní Jìbìtì

Bí owó bá ti ń dín nílé epo tàbí ní súpámákẹ́ẹ̀tì, ohun tí ọ̀pọ̀ onílé iṣẹ́ kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé wọ́n á ra kámẹ́rà, wọ́n á lé káṣíà lọ, wọ́n á sì fi àbúrò ìyàwó wọn tàbí ọmọ ìjọ wọn rọ́pò rẹ̀. Kò ní pé oṣù mẹ́fà tí owó á tún bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Ẹni tuntun ló jókòó, àga àtijọ́ ló jókòó lé. Àga yẹn ni mo fẹ́ tú palẹ̀ lónìí.

Ẹgbẹ́ àwọn olùtọpinpin jìbìtì tí wọ́n ń pè ní ACFE, tí olú ilé iṣẹ́ wọn wà ní Austin ní Texas, kó ẹjọ́ 1,921 jọ láti orílẹ̀-èdè àti àgbègbè 138 fún ìròyìn tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2024. Nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ tó lu jìbìtì, bíi 87 ni wọn ò tíì fẹ̀sùn irú rẹ̀ kàn rí. Ìyẹn ni pé ìwé oníduúró méjì, lẹ́tà pásítọ̀ àti ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá tí ẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó wọṣẹ́ ò parọ́. Ọmọlúàbí ni lọ́jọ́ yẹn. Púpọ̀ nínú ohun tó yí i padà, inú ọgbà yín ló ti bá a.

Donald Cressey, onímọ̀ nípa ìwà ọ̀daràn ní Amẹ́ríkà, lọ fi ọ̀rọ̀ wá àwọn tó wà lẹ́wọ̀n lẹ́nu wò, àwọn tí wọ́n fi owó ṣọ́ tí wọ́n sì kó o jẹ. Lọ́dún 1953 ló tẹ ohun tó rí jáde. Ohun mẹ́ta ló rí lára wọn. Àkọ́kọ́, ìṣòro owó kan tí wọn ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Èkejì, ihò kan lẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ pé àwọn lè gbà yanjú rẹ̀ láìsí ẹni tó máa mọ̀. Ẹ̀kẹta ni gbólóhùn tí wọ́n ń sọ fún ara wọn kí wọ́n má bàa rí ara wọn bí olè. Gbólóhùn tó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu wọn ò yàtọ̀ sí èyí tí à ń gbọ́ ní Ìbàdàn àti Ìkẹjà títí dòní: mo kàn yá a ni, màá dá a padà.

Onílé iṣẹ́ ò lè bọ́ gbèsè kúrò lọ́rùn òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n òun ló ń pinnu bóyá òṣìṣẹ́ lè sọ gbèsè náà síta. Òun ló ń dí ihò tàbí tó ń fi í sílẹ̀. Ìwà òun náà ló sì ń fún òṣìṣẹ́ ní gbólóhùn tó máa fi dá ara rẹ̀ láre. "Ibi tí a bá ti ń ṣiṣẹ́ la ti ń jẹ." Lẹ́nu ẹni tí wọ́n san owó rẹ̀ pé, tí wọ́n san án lásìkò, àwàdà lásán ni. Lẹ́nu ẹni tí wọ́n jẹ lówó oṣù méjì, òfin ni.

Ṣọ́tèèjì

Mi ò mọ ìlànà kan tó ń sọ káṣíà olóòótọ́ di olè kíákíá bíi ká máa gé ṣọ́tèèjì, ìyẹn owó tó dín nínú owó ọjà, nínú owó oṣù rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ibi gbogbo ni wọ́n ti ń ṣe é, àwọn tó ń ṣe é sì gbà pé ọ̀nà ìdènà olè ni.

Ẹni tó bá ń gba owó láti aago méje àárọ̀ títí di aago mẹ́ta ọ̀sán á ṣi owó kà. Ó lè ṣì í kà lónìí kó dín, ó sì lè ṣì í kà lọ́la kó lé. Ká sọ pé ₦70,000 ni owó oṣù káṣíà kan, ìyẹn owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin láti oṣù Keje ọdún 2024. Ó ṣiṣẹ́ ọjọ́ 26. Ọjọ́ mẹ́wàá ni owó rẹ̀ fi ₦800 dín, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ó fi ₦800 lé, ọjọ́ méje tó kù gún régé. Àdánù tòótọ́ lóṣù yẹn ò ju ₦800 lọ. Ṣùgbọ́n ìlànà ilé iṣẹ́ ni pé èyí tó dín jẹ́ ti káṣíà, èyí tó lé jẹ́ ti ọ̀gá. Nítorí náà ₦8,000 ni wọ́n gé, ọ̀gá sì tún kó ₦7,200 tó lé sápò. Obìnrin yìí ò jí kọ́bọ̀, ó sì ti pàdánù ìdá kan nínú mẹ́sàn-án owó rẹ̀.

Kí ló máa ṣe lóṣù tó ń bọ̀? Bí owó bá lé, kò ní sọ. Á fi í sínú àpòòwé kan kó lè fi dí ti ọjọ́ tó bá dín. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìgbèjà ara ẹni ni, ẹnikẹ́ni tó bá sì jókòó síbẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àpòòwé náà ò gbọdọ̀ gbẹ. Bí ó bá ti ń gbẹ, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún oníbàárà pé òun ò ní ṣéńjì ₦50. Tó bá tún yá, á ta omi ìgò méjì láìtẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ. Nígbà tí oṣù kẹta bá fi máa pé, ó ti mọ ọ̀nà tí owó ń gbà jáde láìjẹ́ pé ẹ̀rọ mọ̀, ó ti mọ wákàtí tí mánijà kì í sí nílé, ọkàn rẹ̀ sì ti balẹ̀ pé ohun tí òun ń gbà padà ò tó ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ òun. Ilé iṣẹ́ ló san owó ẹ̀kọ́ yẹn.

Ìdí nìyí tí káṣíà tí owó rẹ̀ ń gún régé lójoojúmọ́ fún ọgọ́ta ọjọ́ gbáko fi yẹ kó kọ yín lóminú. Kò sẹ́ni tí kì í ṣi owó kà. Àpòòwé ló ń bá a tún un ṣe. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló ń fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀bùn òṣìṣẹ́ tó dára jù lọ́dún.

Òfin gan-an ò fara mọ́ irú gígé yìí. Abala 5 nínú Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà sọ pé kí agbanisíṣẹ́ tó gé owó òṣìṣẹ́ nítorí àdánù, àdánù náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ fà tàbí tí àìbìkítà rẹ̀ fà, kí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀ràn iṣẹ́ sì ti fọwọ́ sí i nínú ìwé kí wọ́n tó gé e. Gbogbo ohun tí wọ́n bá gé lóṣù kan ò sì gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù lọ.

Ohun tó yẹ ni pé kí ìwé kan ṣoṣo wà tí a ń kọ èyí tó dín àti èyí tó lé sí, lójoojúmọ́, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó wà lórí àga. Ní òpin oṣù, ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Ẹ fi ààlà kan lélẹ̀, bíi ₦500 lójúmọ́ fún ṣọ́ọ̀bù kékeré. Ohun tí kò bá kọjá ààlà yẹn, ìnáwó ọjà ni, ẹ má bá ẹnikẹ́ni jà lé e. Ohun tó bá kọjá rẹ̀, ẹ wá ìdí rẹ̀ kí ẹ tó wá ẹni tó ṣe é. Ìdí náà kì í jìnnà. Ṣéńjì wà nínú rẹ̀: ẹ kó ₦15,000 tàbí ₦20,000 ní ₦50, ₦100 àti ₦200 fún káṣíà láàárọ̀. Tiráńsífà náà wà nínú rẹ̀: álẹ́ẹ̀tì wọ inú fóònù ọ̀gá tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, káṣíà ò rí i, oníbàárà ń pariwo, káṣíà ní kó máa lọ, owó ò dé. Ẹni tí kò lè rí àkáǹtì ò yẹ kó jìyà álẹ́ẹ̀tì ayédèrú. Ẹ gbé ẹ̀rọ POS tó ń tẹ rìsíìtì jáde bí tiráńsífà bá ti wọlé sórí káńtà, ọ̀rọ̀ yẹn á tán.

Nílé epo, ó le ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí epo fúnra rẹ̀ máa ń dín láìsí olè. Bẹntiróòlù máa ń fẹ̀ bí ooru bá mú un, ó sì máa ń sún kì bí ó bá tutù, bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún fún digiri kọ̀ọ̀kan. Táńkà 33,000 lítà tó rin ìrìn ọ̀sán lábẹ́ oòrùn, tó wá já epo rẹ̀ sínú táńkì abẹ́ ilẹ̀ tí epo ti fi digiri mẹ́wàá tutù sí i, á dín ní bíi 300 lítà. Bí lítà kan bá jẹ́ ₦900, ₦270,000 nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ẹ tún wo ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn táńkì. Táńkì abẹ́ ilẹ̀ tó gba 33,000 lítà, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó mítà méjì ààbọ̀, sẹ̀ǹtímítà kan ṣoṣo láàárín méjì rẹ̀ ju 150 lítà lọ. Ẹni tó bá fi ọ̀pá dagun díẹ̀ ti ṣèrú 150 lítà láìmọ̀.

Mánijà tí wọ́n bá ní kó san 300 lítà yẹn á lọ wá a níbòmíràn, ibi tó sì sún mọ́ ọn jù ni pọ́ǹpù. Wọ́n á pe ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe wá lóru, wọ́n á yí i kí 20 lítà máa jẹ́ 19. Lítà kan nínú ogún, lórí ọkọ̀ táńkà kan, lé ní 1,600 lítà. Wọ́n wá 300, wọ́n rí 1,600. Ta ló máa wá dá èyí tó lé padà fún ọ̀gá tó gé owó rẹ̀?

Ẹ ní kí wọ́n kọ bí epo ṣe gbóná tó sílẹ̀ kí táńkà tó já a, kí wọ́n wọn táńkì abẹ́ ilẹ̀ ṣáájú, kí wọ́n dúró bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí ó bá já a tán kí epo lè rọlẹ̀, kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n. Ẹ má fi ọkọ̀ kan ṣoṣo dájọ́. Ẹ da gbogbo ti oṣù pọ̀. Ẹ ní garawa ìwọ̀n 20 lítà, kí ẹ sì fi yẹ pọ́ǹpù kọ̀ọ̀kan wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láìsọ ọjọ́. Mítà pọ́ǹpù tí kì í padà sẹ́yìn ni ẹlẹ́rìí yín: bí ó bá jẹ́ 482,310 láàárọ̀ tó sì jẹ́ 483,640 lálẹ́, 1,330 lítà ló jáde, ní ₦900, ₦1,197,000 ló yẹ kó wà nínú owó, POS àti tiráńsífà lápapọ̀.

Kíkà òjijì náà ní bó ṣe rí. Ẹni méjì ni kó lọ, kí káṣíà wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí ó sì jẹ́ láàárín iṣẹ́, kì í ṣe nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Ẹ dá títà dúró. Ẹ ka mítà tàbí kí ẹ tẹ ìròyìn ẹ̀rọ jáde kí ẹ tó fọwọ́ kan owó, torí bí ẹ bá kọ́kọ́ ka owó, ẹnikẹ́ni lè lọ tẹ iye tó bá a mu sínú ẹ̀rọ. Ẹ ka owó ní oríṣi-oríṣi, ẹ kọ ọ́, kí gbogbo yín fọwọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ ń wá owó tó dín. Èmi á ní kí ẹ wá owó tó lé. Owó tó lé láago mọ́kànlá àárọ̀ jẹ́ ọjà tí wọ́n tà láìtẹ̀, tó ń dúró de ìgbà tí wọ́n máa kó owó rẹ̀ jáde.

Bí a ṣe ń san owó, àti bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀

Àwọn kan gbà pé owó kékeré ló ń fa jìbìtì. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìwádìí kan wà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń san owó oṣù mọ̀. Lọ́dún 1990, olùwádìí kan, Jerald Greenberg, tẹ àbájáde ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ mẹ́ta tí ilé iṣẹ́ kan náà ni, ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà, jáde. Ọjà ò lọ déédéé, wọ́n sì dín owó oṣù kù ní ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ní méjì nínú wọn. Ní ọ̀kan, ọ̀gá pe ìpàdé tó tó wákàtí kan ààbọ̀, ó fi ìṣirò hàn wọ́n, ó bá wọn kẹ́dùn, ó dáhùn ìbéèrè. Ní èkejì, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, wọ́n kàn kéde rẹ̀ láìsí àlàyé tó yanjú. Ní ilé iṣẹ́ kẹta, wọn ò fọwọ́ kan owó ẹnikẹ́ni. Olè jíjà pọ̀ sí i níbi méjèèjì tí wọ́n ti gé owó, ṣùgbọ́n ibi tí wọn ò ti ṣàlàyé ni ó ti ga jù lọ, ọ̀pọ̀ sì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí owó padà bọ̀ sípò, olè jíjà náà rọlẹ̀.

Iye kan náà ni wọ́n gé lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ọ̀rọ̀ ẹnu ni ìyàtọ̀. Onílé iṣẹ́ tó bá ra mọ́tò tuntun lọ́sẹ̀ tó sọ pé owó oṣù máa pẹ́, kó má wulẹ̀ bínú sí ohun tó bá tẹ̀ lé e.

Ìpẹ́ owó tún ń bá nǹkan míì jẹ́. Ẹni tí owó rẹ̀ ò wọlé lọ́jọ́ karùn-ún oṣù á lọ sọ́dọ̀ àwọn ayánilówó orí fóònù. Àwọn kan nínú wọn máa ń ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà tó wà lórí fóònù ẹni tó jẹ gbèsè láti dójú tì í. Ìyẹn wà lára ohun tó mú kí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, gbé ìlànà jáde fún wọn lọ́dún 2022. Ẹ rántí ìṣòro tí kò ṣeé sọ tí Cressey sọ. Ẹni tí ìtìjú ń lé, tí owó ilé iṣẹ́ sì wà níwájú rẹ̀, á "yá" ₦12,000 lọ́jọ́ Ẹtì. Tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù náà sì wà nítòsí tó máa sọ fún un pé ó lè dá a padà lọ́jọ́ Ajé.

Àyálò owó oṣù ló ń pa irú rẹ̀ lẹ́nu, kò sì náni lówó púpọ̀. Kí òṣìṣẹ́ tó ti lo oṣù mẹ́fà lè yá títí dé ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù rẹ̀, kó san án láàárín oṣù mẹ́ta láìsí èlé, kí èsì sì dé láàárín ọjọ́ méjì. Kí ẹni tó ń fọwọ́ sí i má ṣe jẹ́ ọ̀gá tààrà rẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ kò ní bèèrè. Bí ẹ bá ń bi í pé kí ló fẹ́ fi owó ṣe níwájú gbogbo ọ́fíìsì, ẹ ti ba gbogbo ẹ̀ jẹ́.

Tágẹ́ẹ̀tì

Báńkì Wells Fargo ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ máa ta ọjà mẹ́jọ fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan: àkáǹtì, káàdì, ẹ̀yáwó, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń bi wọ́n pé mélòó lẹ ti tà. Nígbà tí àṣírí tú ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, ó hàn pé wọ́n ti ṣí nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì àkáǹtì tí ó ṣeé ṣe kí oníbàárà má mọ̀ nípa rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di mílíọ̀nù 3.5 lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Òṣìṣẹ́ bíi 5,300 ni wọ́n ti lé láàárín ọdún mélòó kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ iṣẹ́ kéékèèké. Wọ́n san owó ìtanràn mílíọ̀nù 185 dọ́là; nígbà tó di 2020, wọ́n tún san bílíọ̀nù mẹ́ta. Ẹni 5,300 kì í dédé di oníjìbìtì lẹ́ẹ̀kan náà. Nọ́ńbà kan ni wọ́n fún wọn tí kò ṣeé bá.

Ẹni tó bá mọ báńkì ní Nàìjíríà mọ ojú ọ̀rọ̀ yìí. Òṣìṣẹ́ kọntíráàtì tí kì í ṣe ti báńkì gan-an, tí owó rẹ̀ kéré, tí wọn ò dá ní ìdánilójú pé á wà níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, ni wọ́n ń fún ní tágẹ́ẹ̀tì owó ìfipamọ́ tó tó mílíọ̀nù lọ́nà mélòó kan. Ìròyìn ọdọọdún NDIC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo owó tí aráàlú fi sí báńkì, máa ń ka àwọn òṣìṣẹ́ báńkì tó lọ́wọ́ sí jìbìtì ní ipò-ipò, wọ́n sì ya àwọn onígbà díẹ̀ sọ́tọ̀. Ìpín tiwọn kì í kéré. Kò yani lẹ́nu. Ẹni tí ilé iṣẹ́ ò kà sí tirẹ̀, kí ló fẹ́ pàdánù?

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá tágẹ́ẹ̀tì yín ti ń bí èké, ẹ wo owó tó ń wọlé lọ́jọ́ 30 tó sì ń jáde lọ́jọ́ kejì oṣù tuntun. Ẹ wo àkáǹtì tí a ṣí lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù, tí kò ní ju ₦1,000 nínú, tí ẹnikẹ́ni ò tún fọwọ́ kàn. Ẹ wo nọ́ńbà fóònù kan tó wà lórí àkáǹtì mẹ́rin. Níbi títa ọjà, ẹ wo ọjà tí wọ́n tà ní ìparí oṣù tí wọ́n dá padà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Àtúnṣe rẹ̀ ò le: ẹ fi ìpíndọ́gba oṣù mẹ́ta san àjẹmọ́nú, kì í ṣe iye tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Owó àlejò ò lè sùn mọ́jú àádọ́rùn-ún ọjọ́.

Ẹni kan tó ń ṣe ohun gbogbo

Báńkì Barings tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1762 wó lulẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 1995 nítorí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Singapore, Nick Leeson. Òun ló ń tajà nínú ọjà, òun náà ló ń ṣàkóso ibi tí wọ́n ti ń kọ ohun tó tà sílẹ̀. Ó fi àdánù rẹ̀ pa mọ́ sínú àkáǹtì kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 88888 títí ó fi di mílíọ̀nù 827 pọ́n-ùn. Ilé iṣẹ́ ING ti ilẹ̀ Netherlands ra báńkì náà ní pọ́n-ùn kan. Àwọn ọ́dítọ̀ Barings fúnra wọn ti kọ ọ́ lọ́dún 1994 pé kí wọ́n ya iṣẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀. Kò sẹ́ni tó ṣe é.

Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Iṣẹ́ mẹ́rin ló wà nídìí owó: ẹni tó ń pàṣẹ kí owó jáde, ẹni tó ń gbà á tàbí tó ń san án, ẹni tó ń kọ ọ́ sínú ìwé, àti ẹni tó ń fi ìwé wé ìwé báńkì. Àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké á ní àwọn ò ní òṣìṣẹ́ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kò pọn dandan kí wọ́n pọ̀. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́ta, kí olùṣírò owó máa kọ ìwé, kí káṣíà máa gba owó, kí ẹ̀yin fúnra yín máa gba ìwé báńkì tààrà láti báńkì sínú ímeèlì yín, kí ẹ sì jókòó tì í fún wákàtí méjì lóṣù. Ìwé báńkì tí olùṣírò owó bá tẹ̀ jáde fún yín láti orí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ìwé rẹ̀ ni, kì í ṣe ti báńkì.

Bí ẹnì kan bá ń ṣe gbogbo rẹ̀, ohun tó máa ń mú jáde ni fífi owó Bọ́lá dí ihò Ṣadé. Ṣadé san gbèsè ₦200,000. Òṣìṣẹ́ kó o jẹ. Nígbà tí Bọ́lá san tirẹ̀, ó kọ ọ́ sórúkọ Ṣadé. Nígbà tí Kúnlé san tirẹ̀, ó di ti Bọ́lá. Irú eré yìí ò gba ìsinmi, torí ọjọ́ kan tí ẹlòmíràn bá jókòó síbẹ̀, oníbàárà á pè pé òun ti sanwó. Òṣìṣẹ́ tó ń lu ú ò ní lọ ìsinmi, á máa kọ́kọ́ dé, á sì máa lọ kẹ́yìn, ẹ ó sì máa yìn ín. Jérôme Kerviel, tí jìbìtì rẹ̀ ná báńkì Société Générale tó ń bá ṣiṣẹ́ ní Faransé ní bílíọ̀nù 4.9 owó yúrò lọ́dún 2008, ọjọ́ mẹ́rin péré ló fi sinmi ní gbogbo ọdún 2007. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ìsinmi jẹ́ dandan, ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún sí mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹlòmíràn sì ṣe iṣẹ́ náà ní tòótọ́, kì í ṣe kí wọ́n to ìwé jọ dè é. Òfin Nàìjíríà tiẹ̀ ní kí òṣìṣẹ́ tó bá ti pé oṣù méjìlá gba ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà pẹ̀lú owó rẹ̀.

Ti àwọn tó ń ra ọjà fún ilé iṣẹ́ ò gùn. Bí ẹnikẹ́ni bá lè fọwọ́ sí ohun tí kò tó ₦100,000, ẹ ó rí ọ̀pọ̀ ìwé ìsanwó ₦98,000. Ẹ da gbogbo ohun tí ẹ rà lọ́wọ́ oníṣòwò kan náà pọ̀ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, ẹ ó rí bí wọ́n ṣe gé e wẹ́wẹ́. Ẹ̀gúnjẹ kì í hàn nínú ìwé; iye ọjà ló ń tú u. Ẹ fi fóònù yín pe ọjà lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, kí ẹ béèrè iye ohun mẹ́wàá.

Àwọn tó mọ̀

Nínú ìròyìn ACFE yẹn kan náà, ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún jìbìtì tó tú, ẹnìkan ló sọ ọ́, ó sì ju ìdajì àwọn tó sọ ọ́ lọ tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà. Ọ́dítọ̀ ìta rí ìdá mẹ́ta péré. Kí àṣírí tó tú, oṣù méjìlá ló sábà máa ń gbà. Àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ ti mọ̀ tipẹ́. Olùṣọ́ ẹnu géètì máa ń mọ̀ ṣáájú mánijà. Kí ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́? Ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹni tó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ni wọ́n lé, torí mọ̀lẹ́bí ọ̀gá ló fẹ̀sùn kàn.

Ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà títú àṣírí jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, wọ́n ní ẹni tó bá sọ á gba ìdá 2.5 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n bá rí gbà padà. Báńkì àpapọ̀ ti fún àwọn báńkì ní ìlànà tiwọn lọ́dún 2014. Ilé iṣẹ́ ẹni ogún ò nílò ìwé tó gùn tó yẹn. Nọ́ńbà kan tí kò sí lọ́wọ́ mánijà, tí lọ́yà tàbí ọ́dítọ̀ ìta ń gbé, ti tó. Àpótí àròyé tí wọ́n gbé kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì mánijà, lábẹ́ kámẹ́rà, kò sí ohun tó máa wà nínú rẹ̀ ju ìwé ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún fáànù.

Bí ẹ bá wá mú ẹnìkan, ẹ má na án, ẹ má tì í mọ́lé, ẹ má sì kéde rẹ̀ lórí WhatsApp ilé iṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà ìwé àti ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà, ẹ gba kọ́kọ́rọ́, ẹ yí gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà padà. Lẹ́yìn náà kí ẹni méjì bá a sọ̀rọ̀, kí ọ̀kan máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ bi í léèrè bó ṣe bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ wo, ihò wo, kí ni wọ́n ti ń gé lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà yẹn. Ìdáhùn rẹ̀ sí ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí níye lórí fún yín ju owó tí ẹ máa rí gbà lọ́wọ́ oníduúró lọ. Ẹ dí ihò yẹn. Nígbà náà ni kí ẹ tó pe ẹlòmíràn wá jókòó, kó ka owó, kó ka mítà lójú yín, kó sì fọwọ́ sí iye tó bá lórí àga.